Òòyà Ṣáájú Omi: Ìtọ́sọ́nà fún Ìtọ́jú Irun Ajá Kékeré Onírun Gígùn ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Nígbà tí mo kọ́kọ́ gba ajá kékeré onírun gígùn wá sí ilé wa ní Ìjẹ̀bú-Òde, èrò mi ni pé ọṣẹ àti omi ni gbogbo ìtọ́jú tí irun rẹ̀ ń fẹ́. Ìfura ni mo sọ ọ́, nítorí pé kò sí ẹni tó lè kan géètì wa kí ó má kọ́kọ́ gbó, bó ti wù kí ara rẹ̀ kéré tó. Òjò oṣù kẹfà ń rọ̀ lọ́wọ́ nígbà náà, ẹrẹ̀ pupa sì ń lẹ̀ mọ́ ọn láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé ikùn, nítorí náà ni mo ṣe ń wẹ̀ ẹ́ lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, láìyarun fún un kí n tó da omi sí i lára. Kí oṣù méjì tó pé, irun ẹ̀yìn etí rẹ̀, ti abíyá àti ti àárín itan ti dì bíi ti dàda. Nígbà tí a fá a kúrò, egbò tútù ni a bá lábẹ́ rẹ̀, èyí tí ajá náà ti ń gbé kiri láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni nínú wa mọ̀. Ó dùn mí púpọ̀, ó sì ń dùn mí títí di òní. Láti ìgbà náà ni mo ti mọ̀ pé òòyà gan-an ni iṣẹ́, omi kàn ń tẹ̀ lé e ni.

Ohun tó mú irun wọn yàtọ̀

Àwọn tó wọ́pọ̀ jù nínú irú ajá yìí lọ́dọ̀ wa ni Lhasa Apso, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní Lásà lásán, àti Shih Tzu. A tún ń rí Maltese àti Yorkshire Terrier lọ́dọ̀ àwọn díẹ̀. Lhasa tó ti dàgbà máa ń wọn nǹkan bíi kílò 5 sí 8. Tibet ni ilẹ̀ baba rẹ̀, níbi tí àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ti ń fi í ṣọ́ inú ilé ẹ̀sìn wọn. Ìlú Lhasa fúnra rẹ̀ ga tó nǹkan bíi mítà 3,650 ju òkun lọ, òtútù ibẹ̀ sì le. Irun tí Ẹlẹ́dàá fi bò ó nítorí irú ibẹ̀ ni ó gbé wá sí ilẹ̀ wa, níbi tí ooru àti ọ̀rinrin ti jọ ń gbé fún ọ̀pọ̀ oṣù nínú ọdún.

Irun ajá ìbílẹ̀ wa kì í gùn. Bí ó bá ti dé ìwọ̀n kan, yóò já sílẹ̀, òmíràn yóò sì hù dípò rẹ̀. Ti àwọn ajá kékeré wọ̀nyí a máa gùn lọ fún ìgbà pípẹ́ bí irun orí ènìyàn, bí ọ̀kan nínú wọn bá sì já, kì í dé ilẹ̀, nítorí pé àwọn tó yí i ká ni yóò gbà á mú. Irun òkú yìí ni ó ń lọ́ mọ́ irun ààyè, tí eruku, ọ̀rá ara àti itọ́ tí ajá fi ń lá ara rẹ̀ sì ń so wọ́n pọ̀. Bí omi bá wá bá ìdì irun bẹ́ẹ̀ kí a tó tú u, yóò sún kì, yóò sì le. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé kí òòyà ṣáájú omi, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà rárá.

Àwọn kan gbà pé kí a fá irun náà dé awọ nítorí ooru. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ajá kì í làágùn káàkiri ara bíi tiwa. Ẹnu ni ó fi ń mí hẹlẹhẹlẹ láti tu ara rẹ̀ lára, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan sì ni ó ń làágùn. Irun tó mọ́, tí a yà dáadáa, ń jẹ́ kí atẹ́gùn kọjá, ó sì ń dáàbò bo awọ funfun abẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ oòrùn. Irun tó ti dì ni ó ń mú ajá nínú ooru. A lè gé e kúrú, mo sì máa sọ bí a ṣe ń gé e, ṣùgbọ́n kí a má sọ ọ́ di ìhòòhò.

Àwọn ohun èlò

Ohun tí ẹ nílò kò pọ̀. Èkíní ni òòyà onírin tí eyín apá kan rẹ̀ jìnnà síra, tí ti apá kejì sì sún mọ́ra. Òòyà ike a máa kó iná mànàmáná bíńtín mọ́ra nígbà ọyẹ́, a sì máa já irun. Èkejì ni búrọ́ọ̀ṣì pẹlẹbẹ tí eyín rẹ̀ jẹ́ wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó tẹ̀ díẹ̀ lórí. Ẹ fi í gbá ẹ̀yìn ọwọ́ yín wò kí ẹ tó rà á. Bí ó bá ha yín, yóò ha ajá náà pẹ̀lú. Ẹ̀kẹta ni ike ìfọ́nmi, irú èyí tí àwọn onídìrí ń lò, nítorí pé irun gbígbẹ táútáú a máa já bí a bá ń yà á. Mo rí ike ìfọ́nmi àti òòyà eyín wẹ́wẹ́ rà láàárín àwọn tó ń ta ohun èlò irun ní ọjà Òkè-Ajé, ṣùgbọ́n búrọ́ọ̀ṣì náà, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta oògùn ẹranko ni mo ti rí i. Ẹ fi sísọ́ọ̀sì kékeré tí orí rẹ̀ kò mú kún un, àti aṣọ ìnura méjì tó ti gbó, ìyẹn ni pé tí kò le lára mọ́, pẹ̀lú ṣampú tí wọ́n ṣe fún ajá.

Kí ó mọ ọwọ́ yín

Kékeré la ti í pẹ̀ka ìrókò. Ọmọ ajá tó jẹ́ ọ̀sẹ̀ 8 ti tó láti máa gbé sórí tábìlì fún ìṣẹ́jú méjì tàbí mẹ́ta lójoojúmọ́, kí ẹ máa di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, kí ẹ máa fọwọ́ kan etí àti ẹnu rẹ̀, kí ẹ sì fún un ní ẹran gbígbẹ bíńtín bí ó bá dúró jẹ́jẹ́. Ẹ tẹ́ rọ́bà tàbí kápẹ́ẹ̀tì sórí tábìlì náà kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má bàa yọ̀, kí ọwọ́ yín kan sì wà lára rẹ̀ ní gbogbo ìgbà, nítorí pé ajá kékeré tó fò láti orí tábìlì lè ṣẹ́ lẹ́sẹ̀. Bí ó bá ti dàgbà kí ó tó dé ọwọ́ yín, tó sì ń bunijẹ, ẹ má nà án. Ẹ dá iṣẹ́ ọjọ́ kan sí ọ̀nà mẹ́rin, kí ẹ ṣe apá kan lówùúrọ̀ òní, kí ẹ ṣe òmíràn lọ́la.

Bí a ṣe ń yarun dé awọ

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ farabalẹ̀ kà. Àṣìṣe tí ọ̀pọ̀ wa ń ṣe ni pé orí irun nìkan ni a ń gbá. Ẹ̀yìn ajá á máa dán, gbogbo àlejò á máa yìn ín, àwọ̀n sì ti hun sí ìdí irun náà. Ọ̀nà tó tọ́ ni kí a máa pín in ní ìlà ìlà, gẹ́gẹ́ bí onídìrí ṣe ń pín irun orí kí ó tó di ṣùkú.

Ẹ mú ajá náà dùbúlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Ẹ fi ọwọ́ òsì ká irun òkè sókè, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí tí ìlà awọ tóóró kan yóò fi hàn. Ẹ fọ́n omi díẹ̀ sí irun tó wà ní ìsàlẹ̀ ìlà náà, ṣe ni kí ó rọ̀, kí ó má tutù jìn. Lẹ́yìn náà kí ẹ gbá a láti ìdí dé orí pẹ̀lú ọwọ́ fúyẹ́, láìfi eyín wáyà ha awọ. Bí ìlà yẹn bá ti tú, ẹ jẹ́ kí irun díẹ̀ sí i bọ́ sílẹ̀ láti abẹ́ ọwọ́ òsì, ìlà tuntun yóò sì yọ, tó ga ju ti àkọ́kọ́ lọ ní ìwọ̀n ìka kan. Báyìí ni a ó ṣe máa gòkè láti ẹsẹ̀ dé itan, láti itan dé ìhà, títí a ó fi dé àárín ẹ̀yìn, kí a tó yí i sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Lẹ́yìn búrọ́ọ̀ṣì ni òòyà onírin ń bọ̀, òun sì ni adájọ́: ẹ fi apá tí eyín rẹ̀ jìnnà síra kọjá láti awọ dé òpin irun, lẹ́yìn náà kí ẹ fi apá kejì ṣe é. Níbi tí òòyà bá ti há, iṣẹ́ kò tíì parí níbẹ̀.

Àwọn ibi tó ń tètè dì ni ẹ̀yìn etí, abíyá, àárín itan, ìdí ìrù, irùngbọ̀n, àti ibi tí okùn ọrùn tàbí bẹ́líìtì àyà ń gbà kọjá. Bí àyè kò bá gbà yín láti yà gbogbo ara rẹ̀ lójoojúmọ́, ẹ máa fi òòyà kan ibi mẹ́fà wọ̀nyí lálaalẹ́. Kò gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Gbogbo ara, ó kéré tán ní ọjọ́ méjì méjì bí irun bá gùn, tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ bí ẹ bá ti gé e kúrú. Ìgbà kan wà tí kò sí ohun tó lè rọ́pò yíyà ojoojúmọ́: nígbà tí irun ọmọdé bá ń fún irun àgbà láyè, tí ajá náà bá ti tó nǹkan bí oṣù 8 sí 12 tàbí kí ó jù bẹ́ẹ̀ díẹ̀. Irun tó ti ń tú wẹ́rẹ́ tẹ́lẹ̀ yóò ṣàdédé máa dì láàárọ̀ kí ó tún dì lálẹ́. Ẹ má bínú sí i, ẹ má sì sọ̀rètí nù. Àsìkò náà yóò kọjá.

Irun tó ti dì, àti èèmọ́

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bí ẹ bá kan ìdì irun, ẹ má fà á, ẹ má sì fi sísọ́ọ̀sì gé e lábẹ́. Ìdì irun máa ń fa awọ sókè mọ́ra, tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò fi ní mọ ibi tí irun parí sí tí awọ bẹ̀rẹ̀. Mo ti rí ajá tí wọ́n gé ihò ńlá sí lára báyìí, tí dókítà ẹranko fi ní láti rán an.

Ẹ kọ́kọ́ fi ìka méjì di ìdí irun náà mú láàárín ìdì àti awọ, kí fífà èyíkéyìí má bàa dé ara ajá. Ẹ bu ìyẹ̀fun àgbàdo gbígbẹ díẹ̀ sí ìdì náà, kí ẹ fi ìka rẹ́ ẹ wọlé. Ìyẹ̀fun yìí yóò fa ọ̀rá àti ọ̀rinrin, irun yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ kúrò lára ara wọn. Ẹ fi ìka ya ìdì náà sí méjì, kí ẹ ya ọ̀kọ̀ọ̀kan sí méjì, lẹ́yìn náà kí ẹ fi eyín ìkángun òòyà máa tú u láti òpin irun lọ sí ìdí rẹ̀, díẹ̀díẹ̀. Bí ìdì náà bá le ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ lè ti òòyà sí àárín awọ àti ìdì, kí ẹ wá fi sísọ́ọ̀sì gé e lókè òòyà, kí irin òòyà jẹ́ odi fún awọ. Ṣùgbọ́n bí gbogbo ara bá ti di ẹní kan ṣoṣo, ẹ má fi wákàtí mẹ́ta dá ajá lóró nítorí irun tí yóò tún hù. Kílípà ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ kàn, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun.

Ẹni tó bá ń mú ajá rìn gba ìdí ilé tí wọn kò tíì kọ́ parí, tàbí ẹ̀bá oko lọ́nà Ìkẹ́nnẹ́ sí Ìlíṣàn, yóò mọ èèmọ́ àgbò àti abẹ́rẹ́ olóko dáadáa. Bí èèmọ́ bá lẹ̀ mọ́ irun, ẹ kán òróró àgbọn kan sí i, kí ẹ fi ìka yọ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an, kí ilẹ̀ tó ṣú. Èèmọ́ tó bá sun mọ́ irun ajá ni yóò di ìdì lọ́la, èyí tó bá sì wọ àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ tàbí inú etí lè gún un dé inú ẹran.

Ìwẹ̀

Nígbà tí òòyà bá kọjá láìhá níbikíbi, nígbà náà ni kí ẹ gbé omi. Ẹ̀ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Nígbà òjò ẹ lè sọ ọ́ di ọ̀sẹ̀ méjì méjì. Bí ẹrẹ̀ nìkan ló bá kan ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ fi omi lásán ṣan ẹsẹ̀, kí ẹ nù ún. Kò pọn dandan kí gbogbo ara rí ọṣẹ.

Ní ti ọṣẹ, mo bẹ̀ yín. Awọ ajá tín-ín-rín ju tiwa lọ, kò sì ní irú ìkan díẹ̀ tí awọ ènìyàn ní, nítorí náà ọṣẹ tó bá wa lára mu lè bó ọ̀rá kúrò lára rẹ̀. Ọṣẹ ìfọṣọ burú, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ọṣẹ dúdú, bí a ti fẹ́ràn rẹ̀ tó, nítorí pé omi eérú tí wọ́n fi sè é a máa ta awọ rẹ̀. Izal ni mo bẹ̀rù jù. Àwọn kan ń bù ú sínú omi ìwẹ̀ ajá nítorí eégbọn, ṣùgbọ́n oró tó wà nínú rẹ̀ a máa gba awọ wọlé, ajá a sì tún lá èyí tó kù lára irun. Dettol pẹ̀lú kò yẹ fún un. Bí ẹ kò bá rí ṣampú ajá, ṣampú ọmọ ọwọ́ tí kò ní òórùn líle lè dúró fún un lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, kí ó má di àṣà.

Ẹ lo omi lọ́wọ́ọ́rọ́. Ẹ fi ìsàlẹ̀ apá yín wò ó, kò gbọdọ̀ gbóná sí yín rárá. Ẹ di òwú díẹ̀ sí ẹnu ihò etí rẹ̀, láì tì í wọ inú. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọrùn lọ sí ìrù, kí omi dé awọ pátápátá, èyí tó máa ń gba àkókò nítorí pé irun òkè lè tutù kí ti abẹ́ ṣì gbẹ. Ẹ ti po ṣampú mọ́ omi sínú ike kan tẹ́lẹ̀, kí ó lè tàn ká. Bí ẹ bá ń fọ̀ ọ́, ẹ fún irun náà sísàlẹ̀ bí ìgbà tí a bá ń fún aṣọ àrán, kí ẹ má pò ó yíká yíká, nítorí pé pípò ni ó ń dá ìdì tuntun sílẹ̀. Aṣọ ni kí ẹ fi nu ojú. Ọṣẹ kò gbọdọ̀ dé ojú Shih Tzu ní pàtàkì, ẹyinjú rẹ̀ yọ síta.

Ṣíṣàn ni ó ṣe kókó jù nínú ìwẹ̀. Àkókò tí ẹ lò láti fọ̀ ọ́, ẹ lo ìlọ́po méjì rẹ̀ láti ṣan án, títí tí irun yóò fi dún fín-ín lábẹ́ ọwọ́ tí kò ní yọ̀ mọ́. Ọṣẹ tó bá kù sí abíyá àti abẹ́ ikùn ni ó ń fa ìyún tí ẹ ó máa rò pé kòkòrò ni. Bí omi ilé yín bá jẹ́ irú èyí tí ọṣẹ kì í hó nínú rẹ̀ dáadáa, omi òjò tó mọ́ dára fún ṣíṣàn ju omi kànga lọ.

Gbígbẹ

Òwúrọ̀ ni kí ẹ wẹ̀ ẹ́, kí ọjọ́ lè wà níwájú. Ẹ fi aṣọ ìnura wé e, kí ẹ máa tẹ̀ ẹ́, kí aṣọ mu omi. Ẹ má rọ́ ọ. Bí iná bá wà, ẹ lo ẹ̀rọ agbẹrun lórí ooru tó kéré jù, kí ó jìnnà sí ara rẹ̀ tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì ó kéré tán, kí ọwọ́ kejì sì máa fi búrọ́ọ̀ṣì gbá ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí. Bí iná kò bá sí, ẹ máa yà á ní ìgbà mẹ́ta mẹ́rin bó ti ń gbẹ nínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ ṣí. Ẹ má so ó mọ́ inú oòrùn, kí ẹ má sì tì í mọ́ inú kéèjì. Ajá onírun gígùn tó bá sùn pẹ̀lú irun tútù, pàápàá ní oṣù keje, lè jí pẹ̀lú awọ pupa tó ń ṣomi, làpálàpá náà sì fẹ́ràn irú ọ̀rinrin bẹ́ẹ̀.

Ojú, etí, ẹnu àti ẹsẹ̀

Omi ojú ajá funfun a máa fi ilà pupa rúsúrúsú sílẹ̀ lábẹ́ ojú. Àwọ̀ kan nínú omijé ni ó ń fà á, kì í ṣe ìdọ̀tí, ẹ má sì fi ohun tó ń sọ aṣọ di funfun bó o. Ẹ fi òwú tí a rẹ sínú omi tí a sè tó ti tutù nu ún láàárọ̀ lálẹ́, kí ẹ sì nù ún gbẹ. Bí omi ojú bá ṣàdédé pọ̀ sí i, tàbí tí ajá bá ń di ojú kan, dókítà ni kí ó wò ó. Irun iwájú orí tó ń gún un lójú, ẹ fi rọ́bà irun rírọ̀ dì í sókè, kí ẹ tú u kí ẹ tún un dì lójoojúmọ́. Bí ìdì náà bá le tó bẹ́ẹ̀ tí igun ojú rẹ̀ fi fà sókè, ó ń dùn ún.

Etí tó wó bolẹ̀ kì í gba atẹ́gùn. Ẹ máa gbé e sókè lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ wò ó, kí ẹ sì gbóòórùn rẹ̀. Ibi tí ìka yín lè dé nìkan ni kí ẹ fi òwú nù. Igi olówú tí a fi ń ro etí ènìyàn ń ti ìdọ̀tí wọ inú lọ ni. Òórùn burúkú, epo etí dúdú, tàbí mímì orí léraléra, àìsàn ni.

Ajá kékeré a máa tètè pàdánù eyín, nítorí náà ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ fọ eyín rẹ̀ ní ìgbà mélòó kan lọ́sẹ̀. Ọṣẹ ìfọyín tiwa kò dára fún un, nítorí pé gbígbé ni yóò gbé e mì.

Ẹ gé irun tó hù sí àárín àtẹ́lẹsẹ̀, kí ó dọ́gba pẹ̀lú ẹran ẹsẹ̀. Òun ni ó ń kó ẹrẹ̀ wọ yàrá, tó sì ń jẹ́ kí ajá máa yọ̀ lórí táìlì. Ẹ gé irun àyíká ìdí àti ojú ara rẹ̀ kúrú pẹ̀lú. Èékánná ń fẹ́ gígé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Bí ó bá funfun, ẹ ó rí ẹran pupa inú rẹ̀, ẹ má dé ibẹ̀. Bí ó bá dúdú, ẹ máa rẹ́ ẹ pẹ́ńpẹ́ pẹ́ńpẹ́, kí ẹ dúró bí ẹ bá ti rí àmì dúdú róbótó ní àárín ojú ibi tí ẹ gé. Bí ẹ̀jẹ̀ bá yọ, ẹ fi ìyẹ̀fun àgbàdo gbígbẹ tẹ ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Ẹ má gbàgbé èékánná tó wà lókè ní ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀, tí kì í kan ilẹ̀. Irun a máa bò ó, ó sì lè ká wọ inú ẹran.

Eégbọn

Irun gígùn ni igbó eégbọn. Ẹ máa fi ìka wá a lẹ́yìn gbogbo ìrìn, nínú etí, lábẹ́ okùn ọrùn, ní abíyá àti láàárín ọmọ ìka ẹsẹ̀. Bí ẹ bá rí i, ẹ fi ohun ìfatu mú un mọ́ awọ pẹ́kípẹ́kí, kí ẹ fà á jáde ní tààrà láìyí i, kí ẹ sì jù ú sínú sípíríìtì. Ẹ má da kẹrosíìnì sí i, ẹ má sì fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ pa.

Eégbọn tó wọ́pọ̀ lára ajá wa lè gbé inú ilé pẹ̀lú wa; abo kan lè yé ẹyin tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan sínú lílà ògiri tàbí ìdí ilẹ̀kùn. Nítorí náà, ẹni tó bá tọ́jú ajá tí kò tọ́jú ibùsùn rẹ̀ àti lílà ògiri kò tíì ṣe nǹkan kan. Àrùn inú ẹ̀jẹ̀ tí eégbọn ń kó ràn án a máa pa ajá: bí ara rẹ̀ bá gbóná, tí kò jẹun, tí èrìgì rẹ̀ funfun, tàbí tí ìtọ̀ rẹ̀ pọ́n bíi kọfí, ẹ má dúró di ọ̀la. Ilé ìwòsàn ẹranko ti yunifásítì wà ní Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn fún ẹni tí kò bá rí dókítà nítòsí.

Oògùn tí a ń kán sí ẹ̀yìn ọrùn tàbí èyí tí a ń fún un jẹ, kí dókítà ẹranko yàn án ní ìwọ̀n kílò rẹ̀. Ọ̀tápíápíá kò gbọdọ̀ kan ara ajá láé. Ajá oníkílò 5 kò nílò púpọ̀ nínú rẹ̀ kí ó tó máa da itọ́, kí ó máa gbọ̀n, kí ó sì kú. Òróró ẹ́ńjìnnì dúdú tí àwọn ará àtijọ́ ń fi pa ajá eléèkúru náà, májèlé ni, nítorí pé lílá ni yóò lá a.

Oúnjẹ, àti ìgbà tí àlejò bá pọ̀

Irun kò lè dán ju ohun tí ajá ń jẹ lọ. Ẹyin tí a sè, ẹja tí a yọ egungun rẹ̀, àti oúnjẹ ajá tó dára ń hàn lára irun láàárín oṣù mélòó kan. Ìkòkorè kì í ṣe oúnjẹ rẹ̀, bó ti wù kí ó máa wo yín lójú; ata àti iyọ̀ wà nínú rẹ̀, àlùbọ́sà inú ọbẹ̀ sì ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́.

Ní àsìkò Ìléyá, títí di ọjọ́ kẹta tí ó jẹ́ Ojúde Ọba, ilé máa ń kún. Ẹ ti yarun rẹ̀, kí ẹ sì wẹ̀ ẹ́ ṣáájú ọjọ́ Ìléyá, kí ẹ wá yàrá tó dákẹ́ fún un nítorí ìró ìbọn àwọn ẹlẹ́ṣin, kí ẹ sì sọ fún àwọn ọmọdé pé kí wọn má fún un ní egungun àti ọ̀rá ẹran. Ọ̀rá yẹn a máa dá inú rú sílẹ̀, èyí tó bá sì ta sí irùngbọ̀n rẹ̀ yóò dì kí ẹ tó rántí.

Nígbà ọyẹ́ ẹ̀wẹ̀, ẹ dín ìwẹ̀ kù, kí ẹ sì fi kún yíyà irun rẹ̀. Ẹ lè kán òróró àgbọn méjì mẹ́ta sínú ike ìfọ́nmi, kí ẹ gbọ̀n ọ́n pọ̀ kí ẹ tó fọ́n ọn.

Bí ẹ bá gbé e fún ẹni tó ń gé irun ajá

Kò sí àbùkù nínú kí a gbé iṣẹ́ gígé fún ẹni tó mọ̀ ọ́n, ní ọ̀sẹ̀ 6 sí 8. Ṣùgbọ́n ẹ yarun rẹ̀ kí ẹ tó gbé e lọ, nítorí pé kílípà kì í gba inú ìdì irun kọjá láìfá a dé awọ. Ẹ sọ fún un kí ó fi irun tó ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà méjì sílẹ̀ lára, kí ó fi sísọ́ọ̀sì ṣe ojú àti etí, kí ó sì fi spirit tàbí omi oògùn nu irin kílípà rẹ̀ kí ó tó kan ajá yín, nítorí èkúru àti làpálàpá. Ẹ dúró tì í. Ẹ máa fọwọ́ kan irin náà láàárín iṣẹ́. Bí ó bá gbóná sí yín lọ́wọ́, kí ó dúró kí ó tutù, torí pé awọ ikùn ajá a máa jó kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Bí ẹ bá délé, ẹ tan iná, kí ẹ gbé e sórí tábìlì, kí ẹ ya irun tó kù sí ìlà ìlà láti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, kí ẹ wo awọ rẹ̀ dáadáa láti ìsàlẹ̀ dé òkè, kí ẹ tó jẹ́ kí ó lọ sùn.